Ohun Tí Bàbá Dáramọ́lá Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbé Sínú Kọ̀ǹpútà Ọ̀kà

Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá, 2025. Ọ̀kà

Lẹ́tà dé. Àwọn ọmọ Ọ̀kà tó wà lókè òkun ti ra kọ̀ǹpútà tuntun méjìlá fún gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà ìlú wa. Ìnjìníà Mujeeb ni yóò kó wọn wá láti Àkúrẹ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Mo fò sókè. Nígbà tí mo ka ìdajì tó kù, mo jókòó padà.

Wọn yóò kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ lọ. Ìnjìníà ní Linux tuntun, ètò ìpìlẹ̀ tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ni òun yóò fi sí àwọn tuntun, òun yóò sì kó ètò tí àwọn èèyàn wa ń lò sí wọn nínú, bí mo bá lè kọ orúkọ àwọn ètò náà sójú ewé kan péré, kó sì tẹ òun lọ́wọ́ kí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá tó kọjá. Àkúrẹ́ ni dátà tó já fáfá wà, ibẹ̀ ni òun yóò ti gbà wọ́n sílẹ̀. Èyí tí kò bá sí nínú ìwé mi, ká máa pè é ní olóògbé.

Ọ̀gá Clement, alága ìgbìmọ̀ wa, ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ hẹdimásítà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ hẹdimásítà kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ó yọ awò ojú.

"Madam Kọ̀ǹpútà, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ni ìpàdé gbogboogbò. Bí àwọn èèyàn bá dé tí wọn ò bá iṣẹ́ wọn lórí ẹ̀rọ tuntun, Alhaji Suleiman nínú ìgbìmọ̀ ti ní ká fi gbọ̀ngàn yìí kó àga àti kánópì tí a ó máa fi háyà. Àwọn mẹ́rin sì ti ń mi orí sí i."

"Èmi wá ńkọ́, sà?"

"Ta ló ń gbani síṣẹ́ láti máa ṣọ́ kánópì?"

Mi ò tíì lo oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán mi wò tán. Ó mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́, èyí tí Bàbá Dáramọ́lá tó ṣáájú mi níbí fi ṣe ìyá fún gbogbo àwọn tó kù, sì tún ti ń dún kọ́, kọ́, kọ́ nínú bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Ìṣẹ́gun, 21

Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Linux kì í gbàgbé ètò tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ó sì mọ èyí tó kàn tẹ̀lé e wá láti ràn án lọ́wọ́. Bí àlejò tí a pè àti àwọn tó bá a wá jẹun. Ẹni tí a pè nìkan ni mo nílò, torí bí a bá pè é, yóò kó àwọn tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Mo tẹ apt-mark showmanual, àṣẹ tó ń to àwọn tí a pè sílẹ̀, mo ń retí bí ọgọ́ta.

1,846.

Mo tún un tẹ̀, bóyá ó ń bá mi ṣàwàdà. 1,846. Kò sí ẹni tó bá ẹnìkan wá nílé yìí, gbogbo wọn pátá ni a fi ìwé pè. Ta ni yóò jókòó láyé yìí tí yóò yan 1,846 nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí kánópì, ẹ̀rín sì tán.

Ọjọ́bọ̀, 23

Òjò àrọ̀kúrò, ó rọ̀ láti ilé wa ní Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà. Ọkọ̀ ti di ẹgbẹ̀rin náírà, dírẹ́bà ní òjò ló fi ọgọ́rùn-ún lé e. Mo bi í pé ṣé òjò ló ń ra epo fún un ni.

Mo rí fáìlì kan nínú ìkùn ẹ̀rọ, ó kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Linux sí i. Mo yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Ó ku 656. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú méjì. 656 kò lè wọ ojú ewé kan, àfi bí mo bá fi imú abẹ́rẹ́ kọ ọ́.

Jímọ̀, 24

Kò síná. Mo jókòó, mo ń wo 656, òun náà ń wò mí.

Ọjọ́rú, 29. Ìkun

Mo lọ bá Bàbá Dáramọ́lá fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ ló ti padà sí oko bàbá rẹ̀ ní Ìkun. Àárín ebè ni mo bá a, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tó ń wa iṣu bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ọmọ mi, ṣé ìjà lo bá wá? Bó bá jẹ́ ìjà, jẹ́ kí n wa uṣu yìí tán ná."

Mo ní kì í ṣe ìjà, 1,846 ni. Ó fi ọ̀pá wíwà iṣu sílẹ̀, ó jókòó sórí ebè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, nẹ́tíwọọ̀kì Ọ̀kà kò lè gbé fọ́tò kan ṣoṣo dé ibì kankan. Ní gbogbo Sátidé, òun á wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, òun á jókòó sí káfè kan lẹ́bàá gáréèjì, òun á gba ètò tí òun fẹ́ àti gbogbo ohun tí ètò náà gbára lé, òun á kó wọn sórí fíláàṣì, òun á fi fíláàṣì sínú àpò àgbádá, ó di Ọ̀kà. Tí òun bá dé, òun á da gbogbo rẹ̀ sójú kan, òun á ní kí ẹ̀rọ gbé wọn mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà náà ló yé mi. Ẹ̀rọ kò rí àlejò àti ẹni tó bá a wá. Bàbá Dáramọ́lá ló rí, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun gbogbo wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ni ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Bàbá ló yan gbogbo wọn.

"Irọ́ ló pa?" ni Bàbá wí. "Ṣebí èmi ni mo gbé e. Àpò mi ló wọ̀ wá."

Mi ò lè bínú sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárúkọ èyí tó dìídì lọ wá lára àwọn ètò náà.

"Orúkọ kẹ̀? Ẹni tó sọ wọ́n ní irú orúkọ yẹn, orí rẹ̀ ò pé. Èèyàn ni mo rántí. Ti Alfa kan wà. Ti ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Àfìn..."

Mo fi ẹ̀rín gé e lẹ́nu, mo pa ìwé mi dé. Orúkọ ètò ni mo ń wá, kì í ṣe ìtàn Àkókó. Ó fún mi ní iṣu mẹ́ta. Ọlọ́kadà gba owó èrò kan lọ́wọ́ mi lórí wọn.

Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Ẹ bá mi yọ̀! Ọgbọ́n dé. Mo ní kí ẹ̀rọ fi kìkì ètò tí òmíràn kankan kò gbára lé hàn mí nínú 656 náà. Ìrònú mi ni pé ẹni tí kò bá ní ọ̀gá lókè, òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá. Ó já sí 83. Mo mú bírò pupa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé èyí tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni lò rí. Ètò kan tí wọ́n fi ń ṣe fíídíò wà níbẹ̀ tó tóbi bí màlúù. Ta ló ń ṣe fíídíò ní gbọ̀ngàn wa? Mo pa á rẹ́. Ó ku ogójì.

Mo fi ránṣẹ́ sí Ìnjìníà Mujeeb lórí fóònù. Ó dáhùn: "Àǹtí, you try well well!" Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣáájú ọjọ́ tó dá. Mo ra súyà lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ọ̀gá Clement dúró sẹ́yìn mi nígbà tí mo ń da ìwé náà kọ.

"Kí lèyí tí o fi bírò pa rẹ́ yìí?"

"Eré káàdì ni, sà. Kò sẹ́ni tó ń lò ó."

Ó húkọ́. "Eré máa ń jí ọpọlọ."

"Ọpọlọ ta ni, sà?"

"Ọpọlọ gbogbo ará ìlú."

Ó lọ. Mo yẹ ẹ̀rọ keje tó wà ní kọ̀rọ̀ wò. Ìgbà ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ni ẹnì kan ti ta káàdì lórí rẹ̀, láàárín aago kan sí méjì ọ̀sán, ìyẹn àkókò tí Ọ̀gá máa ń ní òun ń lọ wo ibi tí òrùlé ti ń jò. Mo dá eré náà padà. Ó di 41, mo sì tún fi ránṣẹ́ sí Ìnjìníà. Ní tòótọ́, òrùlé wa kò jò rí.

Ọjọ́rú, 12

Ìnjìníà fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ ṣáájú nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́ ká fi dánwò. Àwọn 41 mi ti wà nínú rẹ̀. Mo gbé e láti gáréèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ń dán, kò sì dún kọ́ kan.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ojú mi rí nǹkan lónìí.

Alfa Munir dé láàárọ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbé wáàsí rẹ̀ tó gùn ní wákàtí méjì wá, kó lè gé e sí ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún tí àwọn èèyàn yóò máa gbọ́ lórí fóònù. Mo fi ìyangàn gbé e jókòó sídìí ẹ̀rọ tuntun. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Àǹtí Ummu," ó rọra wí, "kọ̀ǹpútà yìí arẹwà ni o, máà ṣàá Allāh. Ṣùgbọ́n kò ní ìmọ̀."

Mo wá ìdí rẹ̀ fún wákàtí kan kí n tó rí i. Nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ffmpeg ló ń gé wáàsí fún un. Bàbá Dáramọ́lá dìídì lọ wá a fún Alfa. Ṣùgbọ́n màlúù fíídíò yẹn náà gbára lé e, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi kà á mọ́ ọmọ ẹ̀yìn, tí kò sì jẹ́ kó wọ inú 83. Nígbà tí mo wá pa màlúù rẹ́, òun náà bá a lọ. Ọgbọ́n mi yẹn ló ṣe é. Èèyàn lè tẹ̀lé àlejò wá kó sì jẹ́ pé òun gan-an ni a pè.

Mo bẹ Alfa, ó sì lọ gé wáàsí rẹ̀ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń dún. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo sunkún díẹ̀. Bí ọ̀kan bá lè sá pamọ́ báyìí, àwọn mélòó ló ṣì wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

Jímọ̀, 14. Ìkàrẹ́

Mi ò jẹun alẹ́ àná, mi ò jẹ tàárọ̀. Màmá mi Memunat, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ràn kóúnjẹ ṣẹ́kù. Mo ro ẹjọ́ mi fún wọn. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

"Nígbà tí a bá ń pín oògùn ní wọ́ọ̀dù," wọ́n ní, "orúkọ oògùn la fi ń pe àwọn èèyàn ni àbí orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n? O lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà, ó ń pe orúkọ aláìsàn fún ẹ, o ní orúkọ oògùn lò ń wá. Ummulkhair! Ta ló bí ọ, ná?"

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo jẹ ẹ̀bà méjì.

Ajé, 17. Ìkun

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Dáramọ́lá, èmi obìnrin. Ó ní kí n dìde, kí n má fi erùpẹ̀ ba aṣọ jẹ́. Lónìí, mi ò béèrè orúkọ ètò kankan. Mo ní, "Bàbá, ta lẹ ṣe é fún?" Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ń yan iṣu, ó ń sọ̀rọ̀, mo ń kọ. Òun bá iṣu yíyan rẹ̀ dé ìdí, mo bá ìwé mi dé ojú ewé kẹrin. Orúkọ méjìdínlógójì, àti ìdí tí olúkúlùkù fi wá. Tíṣà jọ́gíráfì tó fẹ́ máàpù òjò. Ọmọbìnrin kan tí ìwé kéú tó ń tẹ̀ máa ń jáde ní ẹ̀yìn sí iwájú nítorí kò sí lẹ́tà Lárúbáwá tó dára. Ó rántí aṣọ tí wọ́n wọ̀.

Ó dé orí ọ̀kan, ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìyẹn ti Òkìkíọlá ni."

Ìyàwó rẹ̀ ni, ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti sùn. Òun ló ń kọ orin tuntun fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Bàbá sì wá ètò tó lè kọ nóòtì orin sílẹ̀ fún un.

"Ta ló ń lò ó báyìí, Bàbá?"

"Kò sí. Yọ ọ́. Ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n fún ọ, má fi gbé òkú." Ó wá ń fi ọ̀bẹ ha iṣu tó ti ha tán tẹ́lẹ̀.

Mi ò yọ ọ́. Mi ò sì sọ fún un pé mi ò yọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20. Òkè-Àgbè, Àfìn

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti bó. Eruku ọ̀nà wọ inú ìwé yìí pàápàá.

Mo ń tẹ̀lé àwọn orúkọ tí Bàbá fún mi láti ìlú dé ìlú. Ní Òkè-Àgbè, akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Happiness ní ìgbà mẹ́ta lọ́dún ni òun máa ń wá sí Ọ̀kà fi ètò kan to àkókò iṣẹ́ ilé ìwé márùn-ún, kí tíṣà kan má baà wà ní kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo ìwé mi. Mo ti fi bírò pupa pa á rẹ́.

"Ha! Àǹtí, ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Ní Àfìn, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ mú mi wọ inú oko lọ fi òkúta ààlà hàn mí. Orí ẹ̀rọ wa ló ti ya máàpù oko tó parí ìjà ọdún mọ́kànlá láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń wá fi ohun tuntun kún un. Òun náà kò sí nínú 41. Ó ń wò mí tìyanu-tìyanu.

"Uṣẹ́ yìí náà lo ṣe rin ọ̀nà yìí wá? Kó o lè béèrè ohun tí mò ń lò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wo ọmọ tí wọ́n bí ire. Wọ́n di àgbàdo lé mi lórí. Ọ̀kadà padà sí Ìkàrẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Sátidé, 22

Mo lọ sí ibi tí àwọn akọrin ti ń dánrawò ní ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá. Ìbíyínká ni olórí wọn báyìí. Mo bi í bóyá ó mọ ètò kan tí wọ́n fi ń kọ nóòtì.

"Ti Mọ́mì Òkìkíọlá? Èmi ni mò ń lò ó, Àǹtí. Nígbà tí ẹ bá lọ kírun ọ̀sán ni mo máa ń wá. Mo rò pé Bàbá ò ní fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án."

Mo pe Bàbá lórí fóònù. Mo sọ ohun tí Ìbíyínká wí fún un.

"Ṣé orin rẹ̀ ni wọ́n ń kọ?"

"Òun ni, Bàbá. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí." Mo na fóònù sí wọn.

Ó gbọ́ ẹsẹ kan, ó pa fóònù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó tún pè, ó ní òun kàn fẹ́ béèrè bóyá mo ti jẹ iṣu yẹn.

Ọjọ́rú, 26

Ẹ̀rọ ìyá kú lónìí ní aago mọ́kànlá. Ó dún kọ́ kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Bí mi ò bá ní orúkọ àwọn èèyàn nínú ìwé, mo gbé nìyẹn. Mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo ti fi ìwé ránṣẹ́. Mẹ́tàdínláàádọ́ta: méjìdínlógójì láti ẹnu Bàbá, mẹ́sàn-án tí èmi fúnra mi bá pàdé. Mo pín ojú ewé sí mẹ́ta: orúkọ ètò, orúkọ èèyàn, ìdí. Nẹ́tíwọọ̀kì kò gbé e nínú gbọ̀ngàn, mo gun orí àpáta lẹ́yìn ilé ìwé, mo na fóònù sókè, ọyẹ́ ń gbé gèlè mi lọ.

Ìnjìníà Mujeeb pè. "Àǹtí, you carry people name join am. Wetin I wan use people name do?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"And na two pages."

"Ojú ewé kan ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìkejì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kejìlá

Wọ́n dé! Méjìlá, pẹ̀lú èyí tó ti wà níbí. Ìnjìníà tò wọ́n tán ní aago mẹ́ta. Mo bi ọ̀kan léèrè, apt-mark showmanual. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí Linux fi bẹ̀rẹ̀, mẹ́tàdínláàádọ́ta mi ló tò sílẹ̀, láìsí ọ̀kan lé, láìsí ọ̀kan dín. Àwọn tó tẹ̀lé wọn wà ní àyè tiwọn. Mo kà wọ́n pẹ̀lú ìka, bí mo ti ń kà wọ́n ni mò ń rí ojú èèyàn.

Ó ku ìpàdé.

Sátidé, 6. Ìpàdé

Gbọ̀ngàn kún. Alhaji Suleiman ti mú ẹni tó ń ta kánópì wá, ẹni náà ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ kiri.

Ọ̀gá Clement dìde láti ka ìwé mi fún àwọn èèyàn. Ó ka orúkọ ètò àkọ́kọ́, ahọ́n rẹ̀ lọ́. Ó gbìyànjú ìkejì, awò ojú rẹ̀ jábọ́. Ló bá fi ìlà orúkọ ètò sílẹ̀, ó bọ́ sí ti èèyàn, ohùn hẹdimásítà sì dé.

"Munir!"

Alfa dìde láìròtẹ́lẹ̀. "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ka ìdí rẹ̀: "Wáàsí gígé. Lọ sídìí ẹ̀rọ kìn-ín-ní, yẹ̀ ẹ́ wò." Alfa lọ. Ohùn wáàsí rẹ̀ bọ́ síta, ìṣẹ́jú márùn-ún géérégé. Ọ̀gá pe Ọlálẹ́yẹ, pe Happiness, pe tíṣà jọ́gíráfì. Bó bá ti ń pè ni wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń lọ wo tiwọn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń bá a ka orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó kan ibi tí mo kọ "Àgbàlagbà kan, fún ọpọlọ." Ọ̀gá kò ṣẹ́jú. "Ó wà níbí," ó ní, ó kọjá kíá.

"Òkìkíọlá."

Ìbíyínká ti ń dìde, ṣùgbọ́n Bàbá Dáramọ́lá ti ṣáájú rẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. "Prẹ́sẹ́ǹtì," ó ní, ó jókòó.

"Nusrat Suleiman."

"Prẹ́sẹ́ǹtì, sà."

Alhaji yí ọrùn padà bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ ìnagijẹ. "Nusrat? Ìwọ kẹ̀? Ṣebí ilé kéú lo ní ò ń lọ?"

"Ibẹ̀ náà ni, Daddy. Èmi ni mò ń tẹ ìwé fún wọn. Ìwé àdúà tí ẹ fi ṣe sàdáákà níjọ́sí, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Alhaji mú ìwé kékeré náà jáde nínú àpò gbáríyẹ̀. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Ìgbà tí Ọ̀gá fi pe ẹni ìkẹtàdínláàádọ́ta, kò tíì fi í padà sápò. Gbogbo wọn ló ti rí tiwọn.

"Ó kan ọ̀rọ̀ àga àti kánópì," ni Ọ̀gá Clement wí.

Alhaji Suleiman dìde. "Ẹ máa kó wọn lọ sílé mi. Ilé mi tóbi."

Ariwo sọ. Ẹnì kan gbá mi mọ́ra lẹ́yìn, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni náà. Ọ̀gá Clement na lẹ́tà iṣẹ́ sí mi, ó ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Ajé tó kọjá ló kọ sí i lórí. Inú mi dùn débi pé mi ò bi í ohun tó mú kó dá a lójú.

Ìṣẹ́gun, 9

Obìnrin kan wá láti Òkè-Àgbè láàárọ̀, Limota, aránṣọ. Happiness ló júwe ibí fún un. Ó ní inú ìwé ìròyìn àtijọ́ ni òun ti ń gé bátànì aṣọ, eku sì ti jẹ apá bùbá mẹ́fà. Ṣé kọ̀ǹpútà lè bá òun ya á, kó sì tọ́jú rẹ̀?

Mo ní kó jókòó. Mo wá a, mo rí i. Mi ò lọ sí Ìkàrẹ́, mi ò mú fíláàṣì. Mo pe ètò kan ṣoṣo lórúkọ, mo ní kó máa bọ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Nẹ́tíwọọ̀kì Ọ̀kà fi ogójì ìṣẹ́jú gbé e dé, a jẹ ẹ̀pà tán nídìí rẹ̀. Nígbà tí apá bùbá àkọ́kọ́ yọ lójú ẹ̀rọ, Limota fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló kọ́ ọ nírú èyí, Àǹtí?"

Mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́ síbẹ̀: 48. Ètò bátànì aṣọ. Limota, Òkè-Àgbè. Nítorí eku. Lẹ́yìn náà ni mo tún bi ẹ̀rọ léèrè ohun tí a fọwọ́ yàn, mo sì wo ìlà tuntun náà títí. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo jogún. Ọ̀kan yìí, èmi ni mo pè é wá.